Dídúró De Ènìyàn Niṣẹ́ Tí Mo Kọ́

Ọkọ mi ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, ó ti wálé wá jókòó, ilé kò sì gba àwa méjèèjì mọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo lè ro ẹjọ́ yìí fún tí kò ní sọ pé orí mi ti dàrú. Ní gbogbo ọdún tí Bàbá Ràṣídì fi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ṣakí lọ sí Kánò, láti Kánò lọ sí Èkó, àdúrà tí mo ń gbà lórí ẹní ìrun ni pé kí Ọlọ́run dá a padà fún mi ní àlàáfíà, kí ó wá jókòó tì mí. Ọlọ́run gbọ́. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àwọn ọmọ ní kí ó sinmi, ó ta ọkọ̀, ó sì gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí mo máa fi bá a jà. Bí ó bá béèrè oúnjẹ, mo ní ó ń yọ mí lẹ́nu. Bí kò bá béèrè, mo ní ọbẹ̀ mi ni kò wù ú. Ọjọ́ tó gbé igbá irú mi kúrò nínú oòrùn bọ́ sí ibòòji, nítorí ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ parí kí n tó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Níkẹyìn ó ní, “Ìyá Ràṣídì, ó jọ pé ara ò rọ̀ ọ́ pẹ̀lú mi nílé yìí. Àbúrò mi ní ilẹ̀ oko ní Ìgbẹ́tì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn.” Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Mo sì mọ̀ pé bí ó bá fi lọ, ó lọ nìyẹn. Àgbà ọkùnrin tó bá ti rí ilé tí wọn kì í ti í bá a jà, kí ni yóò tún padà wá ṣe? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ inú mi dùn. Inú dídùn yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Bí mo bá ní kí n sọ ibi tí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú mi, màá ní láti padà sí agboolé ìyá tó bí ìyá mi, ní Ṣakí níbí náà, ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ọmọ tí wọ́n lè rán níṣẹ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn awó tó sùn sórí páànù á ti bẹ̀rẹ̀ ariwo, a ó gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ àwọn obìnrin ilé á máa ha ilẹ̀ káàkiri. Èmi ni mo ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ lójú àgbàlá. Bí oòrùn bá gòkè, àwa ọmọdé á yí Ìyá Àgbà ká, a ó máa bó ẹ̀gúsí, ẹni tó bá ju ẹyọ kan sẹ́nu, Ìyá Àgbà á mọ̀ láìgbójú sókè, á ní, “Ẹnu ta ló ń rìn yẹn?” Ọkà ni a ń jẹ lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo wa lórí abọ́ kan, ẹran á sì dúró sí ìsàlẹ̀ abọ́ títí ẹni tó dàgbà jù nínú wa á fi pín in. Ẹni tó bá wò wá láti òde á ní kò sí ọmọ tó ní ènìyàn tó wa, kò sì parọ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ojú mi ń wá nínú gbogbo wọn, ẹni náà ni kì í sì í sí nílé.

Màámi ni ẹni náà. Bàbá wa ti kú kí Mùtíù àbúrò mi tó mọ ìrìn, Màámi kó wa wá sílé ìyá rẹ̀, ó sì ń ná ọjà ilẹ̀ Faransé. Á kọjá ibodè, á ra abọ́ tánńganran àti áńkárá, á kó wọn wá tà ní Ṣakí, á tún padà. Oúnjẹ wa ń bẹ lẹ́nu ìrìn yẹn, mi ò sì lè dá a lẹ́bi rẹ̀. Àmọ́ ní agboolé wa, wọn kì í jẹ́ kí ẹkún sin ọlọ́jà jáde. Bí ọmọ bá sunkún tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ́nà ọjà, wọ́n ní ọjà náà ò ní tà, ọkọ̀ lè dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, aṣọ́bodè sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Ẹkún mi sì pọ̀. Dípò kí wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa rẹ̀ mí lẹ́kún, wọ́n rí i pé ó rọrùn kí wọ́n má jẹ́ kí n rí ohun tí màá sun ẹkún sí. Gbogbo agboolé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, tọmọdé tàgbà, kò sì sí iṣẹ́ kankan tí mo tún rí tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí tó bẹ́ẹ̀ ní ilé yẹn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ìyá Àgbà á pè mí tìfẹ́tìfẹ́, á ní, “Àbẹ̀kẹ́ mi, lọ ra èkuru wá lọ́dọ̀ Ìyá Elékuru.” Ìyá Elékuru wà ní agboolé kejì, ó sì mọ ipa tirẹ̀. Á kí mi bí ẹni kí àlejò, á ní, “Sílífá, jókòó, èyí tó dára kò tíì jinná. Ìyá Àgbà ńkọ́? Ewúrẹ́ yín tó bí ńkọ́?” Á bu díẹ̀ fún mi kí n máa jẹ ẹ́ ná, á tún bi mí léèrè ewúrẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí mo bá fi máa délé, ẹní Màámi á ti wà ní kíká, ẹrù rẹ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́. Màá ní, “Màámi dà?” Ìyá Àgbà á ní, “Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bọ̀ nísinsìnyí.” Nísinsìnyí yìí lè gba ìgbà tí ọjà á fi ná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Títí di òní olónìí, bí ènìyàn bá kí mi kọjá bó ti yẹ, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan ní ẹgbẹ́ àdúrà wa fẹ́ràn mi gan-an, a máa di mọ́ mi, a máa béèrè àwọn ọmọ mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì lè fi ọkàn tán an, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ó kàn ń kí ènìyàn bíi Ìyá Elékuru ni.

Mùtíù kì í sunkún ní tirẹ̀. Bí Màámi bá lọ, á wo ẹnu ọ̀nà díẹ̀, á padà sídìí amọ̀ tó fi ń mọ ẹran kéékèèké, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Bí Màámi bá dé, á gba búrẹ́dì tó mú bọ̀, á ní, “Ẹ káàbọ̀,” á tún padà sídìí amọ̀ rẹ̀. Gbogbo agboolé ló ń fi yìn ín. Baálé ilé wa á ní, “Ẹ wo ọmọ ọkùnrin. Ọlọgbọ́n ọmọ nìyí. Sílífá, wo àbúrò ẹ kóo kọ́gbọ́n.” Ẹran ni wọ́n fi ń san án fún un. Ọlọgbọ́n ọmọ náà ti wà ní Ìbàdàn báyìí, ó ti kọ́lé, ó ti bí ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù nígbà kan, ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi bi àbúrò yín, kí ni mo ṣe fún un? Tí mo bá rìnrìn-àjò, kì í béèrè pé ṣé mo dé. Tí mo bá dé, á kàn ní ẹ káàbọ̀.” Mo ní kí ó máa mú búrẹ́dì bọ̀. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọ́n bá ṣe di ọmọ mú ní kékeré ni ọmọ náà á ṣe máa di ènìyàn mú lágbà. Mo ní ṣé owó ilé ìwé tí mo ń san nìyẹn? Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ láìsọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ọjọ́ tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Ó kàn jẹ́ pé kò mọ̀ pé àwa ló ń pẹ̀ka wa ni.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mo já ọgbọ́n wọn. Mo ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí Màámi bá ti we gèlè dúdú rẹ̀ láàárọ̀ ni èkuru máa ń wu Ìyá Àgbà. Ni mo bá kọ̀, mo ní mi ò lọ. Wọ́n ní kí n lọ gba iyọ̀, mo kọ̀. Wọ́n ní kí n lọ wo ewúrẹ́ tó já, mo ní kí ó máa já lọ. Mo lọ jókòó sórí ẹrù Màámi, mo sì di etí ìró rẹ̀ mú, mi ò sunkún, mi ò sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: mo fẹ́ kí ó sọ fún mi pé òun ń lọ, kí n sì rí i nígbà tó bá ń lọ. Màámi jókòó tì mí lórí ẹrù náà, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Baálé ló dá sí i, ó ní, “Tí ọmọ yìí bá bú sẹ́kún pẹ́nrẹ́n, ọjà ọ̀hún bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i.” Ìrìn ọjọ́ yẹn kò ṣeé ṣe mọ́, àwọn ọkọ̀ ti lọ. Mo lọ sùn bí ẹni tó jagun ṣẹ́.

Ohun tí Baálé rò ló di ìtàn tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní èmi náà ń bá Màámi lọ sí ilẹ̀ Faransé. Wọ́n wẹ̀ fún mi, wọ́n lé tìróò fún mi, wọ́n wọ bùbá ọdún iléyá fún mi. Ìyá Àgbà náà ní òun ń bá wa lọ. Nígbà tí a dé gáréèjì, ó gbé mi sókè sínú ọkọ̀, ó jókòó tì mí. Màámi ní, “Mò ń lọ jókòó níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, èébì máa ń gbé mi lẹ́yìn.” Ọkọ̀ gbéra. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Mo ń juwọ́ sí gbogbo ènìyàn lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń juwọ́ sí àwọn màálù Fúlàní pàápàá. Mo ń bi Ìyá Àgbà bóyá wọ́n máa fún wa ní búrẹ́dì ní ibodè, ó ní wọ́n á fún wa. Ọkọ̀ dúró, wọ́n ní kí a sọ̀ kalẹ̀, mo sáré lọ síwájú. Dírẹ́bà ni mo bá, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé òbúkọ sórí itan. Ìgbòho ni a wà. Màámi ti bá ọkọ̀ mìíràn gba ọ̀nà ibodè lọ láti gáréèjì. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé tí a lọ kí níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fún mi ní iyán àti ẹran ìgbẹ́ tó tóbi ju ọwọ́ mi lọ. Mo jẹ ẹ́. Mi ò sunkún rárá, ìyẹn sì ya wọ́n lẹ́nu jù. Nígbà tí a padà dé Ṣakí, Ìyá Àgbà ròyìn fún gbogbo ilé pé, “Ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́. Kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú mọ́.” Òótọ́ ló sọ. Mi ò da ẹnikẹ́ni láàmú mọ́. Àmọ́ ó dùn mí, ó dùn mí débi pé mo ti dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ìdùnnú kì í ṣe ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó gbà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ dídúró de ènìyàn, mo sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Mo ń gbá yàrá Màámi nígbà tí kò sí. Mo ń fọ abọ́ rẹ̀ tí kò fi jẹun. Mo mọ ohùn fèrè ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà ibodè bọ̀ yàtọ̀ sí ti Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ tó bá sì dé, adìyẹ á kú, áńkárá á jáde nínú ẹrù, gbogbo agboolé á tàn yòò. Mo wá fi ojú ara mi rí i pé ẹni tó ń bọ̀ dùn ju ẹni tó wà lọ. Ẹni tó wà kò ní ọjọ́ kan pàtó. Lọ́dún yẹn kan náà, Ìyá Àgbà lọ síbi ìsìnkú mọ̀lẹ́bí kan lábúlé, ó sun ibẹ̀. Nígbà tó dé, ó bá mi lẹ́nu ìgbálẹ̀ ní yàrá Màámi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “O ò kí mi?” Mo ní, “Ṣé ẹ lọ síbì kan ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó lọ dáná oúnjẹ wa. Òun ló ń wẹ̀ fún mi, òun ló ń bu ọkà fún mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń sùn sí. Mo máa ń rántí bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn nígbà tí mi ò bá tilẹ̀ rò ó, ó sì máa ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ Ìgbòho lọ.

Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń fẹ́, mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìsẹ́yìn. Làmídì ń hun òfì lẹ́bàá ọ̀nà tí mo ń gbà. Bí mo bá kọjá láàárọ̀, ó wà nídìí òfì. Bí mo bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó wà nídìí òfì. Ọkùnrin dáadáa ni, eyín rẹ̀ funfun, kì í pariwo. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, ó ní, “Mi ò ní ibì kankan tí mò ń lọ, Sílífá. Ìgbàkígbà tóo bá wá mi, wàá rí mi.” Ó rò pé òun ń fa ojú mi mọ́ra. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà relé, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó jọ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo ní irú ọkùnrin wo ni wọn kì í retí? Láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé aṣọ wá fún ọ̀gá mi kí ó bá òun rán an kíákíá. Ó ní, “Mò ń lọ sí Kánò lọ́la, mi ò mọ ọjọ́ tí n ó dé.” Ọkàn mi bọ́ sí i lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bàbá Ràṣídì nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló mọ bí mo ṣe ṣìkẹ́ rẹ̀ tó. Àwọn ìyá á máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n á ní ẹ wo Ìyá Ràṣídì, kò sí ìjà nílé rẹ̀ rí. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin tó ń sùn sílé lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí àlejò, ìgbà wo la fẹ́ jà?

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Bàbá Ràṣídì lọ sí Ìgbẹ́tì, mo jí pẹ̀lú agbára. Mo pa adìyẹ, mo din wàrà, mo se ẹ̀gúsí, mo gún iyán fúnra mi, mo sì ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́bàá ògiri ní ọ̀sán gangan, gbogbo ènìyàn ń rí i. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè, ó jẹ, ó dúró díẹ̀, ó ní, “Irú ọbẹ̀ yìí ti pẹ́. Ìgbà tí mo wà lójú ọ̀nà lo máa ń sè é. Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó, n kò fẹnu kàn án.” Kò fi bú mi, ó kàn sọ ohun tó rí ni. Orin tó wà lẹ́nu mi tán. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Ó ti sọ ibi tó ń lọ fún mi. Ó ti sọ ọjọ́ tó ń lọ. Ó jókòó síwájú mi, kò sá. Nínú gbogbo àwọn tó ti fi mí sílẹ̀ rí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó pẹ́ tó kí n fi lè fèsì, mo sì wá rí i pé mi ò tíì fèsì fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi, àyè rẹ̀ ni kò yọ.

Mo ní, “Bàbá Ràṣídì, ẹ má lọ.”

Ohùn mi kéré, ó sì tì mí lójú. Ó gbójú sókè. Mo rò pé á bi mí pé kí ló dé, tàbí pé á rán mi létí ọ̀rọ̀ irú àti gbogbo èyí tí mo ti sọ sí i, mo sì ti ń to ẹjọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, “Ó dáa.” Ó ní kí n bu ọbẹ̀ kún un.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn kò tíì gòkè dáadáa tí a fi jà nítorí búùtà àlùwàlá tó gbé sí ojú ọ̀nà, tí mo fẹsẹ̀ kọ. A jà dáadáa, ohùn wa dé ilé kejì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìgbẹ́tì nínú wa.